Dàda inú omi: The Little Mermaid bí a ṣe wò ó lẹ́yìn Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀

Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan nípa fíìmù yìí tẹ́lẹ̀, torí láti oṣù karùn-ún 2023 ló ti jáde, aráyé ti sọ ọ́ títí ó ti sú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú ọmọ kan nínú ilé wa lálẹ́ Sátidé tó kọjá ò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń kàwé ní OAU ló yá projector lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ wálé. A ta bẹ́díṣíìtì funfun mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, màmá onílé ní ká wá gbé bẹ́ǹṣì méjì ní pálọ̀ wọn, ẹnì kan dín pọ́fù-pọ́fù, ẹnì kan gbé gúgúrú wá, NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀, a gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìta géètì lọ́hùn-ún kí ariwo ẹ̀ má bàa bo orin mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọdé tó jókòó sórí ẹní á tó méjìlá.

Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún méje, Dàda ni gbogbo wa ń pè é. Bó ṣe wáyé nìyẹn, irun ẹ̀ ti ta kókó láti inú ìyá ẹ̀. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí fún dàda lọ́dọ̀ wa, nílé wọ́n á máa kì í, wọ́n á so owó ẹyọ mọ́ irun ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi òòyà kàn án, ṣùgbọ́n tó bá dé àárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n á ní irun ẹ̀ dọ̀tí. Ilé-ìwé tó kọ́kọ́ lọ sọ fún màmá ẹ̀ pé kó lọ fá a kí wọ́n tó wọlé fún táàmù kejì. Obìnrin yẹn sunkún wálé lọ́jọ́ náà. Irun dàda kọ́ ni wọ́n kàn ń gbé abẹ lé bẹ́ẹ̀ yẹn, wọ́n máa ń se ẹ̀wà, wọ́n á ra suwítì àti ìrèké fún àwọn ọmọdé, wọ́n á fi ètò fọ orí yẹn kí wọ́n tó fá a, ta ló fẹ́ kánjú ṣe gbogbo ìyẹn torí lẹ́tà tíṣà? Wọ́n ti yọ ọmọ náà kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n látìgbà yẹn ni kì í jáde láìfi fìlà bo orí, kódà nínú ilé, kódà nígbà ooru.

Ó dáa, ká lọ sórí fíìmù. Ìtàn yẹn fúnra ẹ̀ ti pẹ́. Hans Christian Andersen, ará Dẹ́ńmáàkì, ló kọ ọ́ ní 1837, Disney wá fi ṣe kátúùnù ní 1989, òun ni àwa tá a ti dàgbà díẹ̀ wò lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò títí téèpù ẹ̀ fi já. Eléyìí, èèyàn gidi ló ṣe é, Rob Marshall ló darí ẹ̀. Ariel ọmọ ọba òkun ní ìrù ẹja, nǹkan àwọn èèyàn orí ilẹ̀ sì wù ú débi pé ó ń kó fọ́ọ̀kì, dígí, ìwé, gbogbo ohun tó bá já bọ́ sómi, ó ń kó o pa mọ́ sínú ihò kan. Ọkọ̀ ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Eric wá rì, Ariel ló gbé e dé èbúté, látìgbà náà ọkàn ẹ̀ ò kúrò lórí ilẹ̀ mọ́. Ó lọ bá Ursula àjẹ́ inú òkun pé kó fún òun lẹ́sẹ̀. Ursula ní kó mú ohùn ẹ̀ wá. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ní, tí Eric ò bá fẹnu kò ó lẹ́nu kí oòrùn ọjọ́ kẹta tó wọ̀, ó di ti Ursula nìyẹn.

Halle Bailey ló ṣe Ariel, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, dàda ló wà lórí ẹ̀ tòótọ́tòótọ́, láti kékeré ló ti ń gbé e, àwọn tó tọ́jú irun ẹ̀ fún fíìmù ò sì fá a, wọn ò tú u, ńṣe ni wọ́n wé irun pupa mọ́ ọn. Nígbà tó kọ́kọ́ yọjú lábẹ́ omi tí irun yẹn fò lẹ́yìn ẹ̀, tí okùn kọ̀ọ̀kan ń lọ bó ṣe wù ú, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo níwájú. Dàda wa ni. Ó ti dìde lórí ẹní, ó ti lọ dúró ti bẹ́díṣíìtì débi pé òjìji ẹ̀ ṣú bo ojú Ariel, àwọn yòókù ń pariwo pé kó kúrò lọ́nà, òun ń na ìka, ó ń sọ pé, "Ẹ wò ó, dàda ni! Mọ́mì, dàda ni!" Ìgbà tó máa padà wá jókòó, fìlà ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò dé e padà títí a fi parí.

Mi ò mọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí n fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní máàkì.

Mo rántí pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ hàn nínú fíìmù náà ní 2022, àwọn kan fárígá lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé màmíwọ́tà ò lè dúdú. Ó ń bí mi nínú dòní. Ta ló sọ fún wọn? Àwọn baba ńlá wa ti ń bọ Olókun tipẹ́ kí Andersen tó mú gègé. Ní Ifẹ̀ níbí obìnrin ni Olókun, aya Odùduwà ni wọ́n pè é, ọlọ́rọ̀, onílẹ̀kẹ̀. Òkun jìnnà sí wa, ẹni tó bá fẹ́ rí i á wọ mọ́tò lọ sí Èkó, síbẹ̀ Igbó Olókun wà nílùú yìí, ibẹ̀ ni Leo Frobenius ará Jámánì wá lọ́dún 1910 tó ti rí orí idẹ tí ayé mọ̀ sí Orí Olókun, ibẹ̀ náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì jáde pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn, ó ti lé ní 500 ọdún. Nítorí náà nígbà tí mo rí Ariel nínú ihò ẹ̀ tí gbogbo nǹkan dídán yí i ká, kò ṣàjèjì sí mi rárá. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé Olókun tiwa náà nílé tó dán jù báyìí lọ, wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n jẹ́ káwọn gbọ́ orin.

Orin yẹn tọ́ kí wọ́n pa mí lẹ́nu mọ́ tìtorí ẹ̀. Nínú ihò yẹn ni Halle Bailey ti kọ orin tí gbogbo ayé mọ̀ látinú kátúùnù, Alan Menken ló ṣe ohùn orin ẹ̀ nígbà náà, òun náà ló tún padà wá ṣe tìsìyí, Lin-Manuel Miranda sì kọ ọ̀rọ̀ àwọn orin tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, kò kánjú, ó wá ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yẹn fi kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Màmá onílé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ ní, "Háà, ọmọ yìí ní nǹkan lọ́fun." Òótọ́ ni. Tí ẹ bá fẹ́ wo fíìmù yìí, ẹ má fi sípíkà fóònù wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sípíkà gidi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó yín ti ṣòfò.

Torí pé ohùn yẹn dára tó báyẹn ni ohun tí wọ́n ṣe ní àárín fíìmù fi dùn mí. Ẹ rò ó wò, ọmọ tó ní ohùn báyìí gbé e fún àjẹ́ kó lè ní ẹsẹ̀. Òun gan-an ni ìtàn náà. Nínú èyí tí Andersen kọ, àjẹ́ gé ahọ́n ọmọ yẹn ni, gbogbo ìṣísẹ̀ tó bá gbé lórí ilẹ̀ ń dùn ún bí ẹni ń tẹ orí ọ̀bẹ, ọmọ ọba sì fẹ́ ẹlòmíràn. Mi ò ní kí Disney fi ìyẹn han ọmọdé. Ṣùgbọ́n nínú tìsìyí, Ursula tún fi ìgbàgbé kún oògùn ẹ̀, Ariel dé orí ilẹ̀ kò rántí mọ́ pé Eric gbọ́dọ̀ fẹnu ko òun lẹ́nu. Kí ló wá kù? Ẹ̀rù ọjọ́ kẹta ti lọ. Àwa là ń ka ọjọ́, òun ò ka nǹkan kan. Wọ́n tún wá fún un lórin inú ọkàn, ẹnu ẹ̀ ò ṣí ṣùgbọ́n à ń gbọ́ ọ, kò jọ pé ó pàdánù nǹkan kan mọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sá fún kó má lọ dà bí ọmọbìnrin tó ń lé ọkùnrin kiri, mo sì gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ohùn ẹ̀ ra ẹsẹ̀ yẹ kó mọ iye tó san. Halle ò nílò ìrànlọ́wọ́ yẹn, ojú ẹ̀ nìkan tó. Ẹ wo ibi tó ti gba ìjánu ẹṣin lọ́wọ́ Eric tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré, ẹ wo bó ṣe jó lọ́jà, kò sọ̀rọ̀ kankan, gbogbo wa gbọ́ ọ.

Lábẹ́ omi, ó ṣókùnkùn jù. Mo kọ́kọ́ rò pé bẹ́díṣíìtì wa ni, mo tún wò ó lórí laptop lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bákan náà. Inú omi kọ́ ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìran yẹn, wáyà ni wọ́n fi gbé àwọn òṣèré rọ̀ ní studio, kọ̀ǹpútà wá fi omi àti ìrù sí i, mo rò pé wọ́n fi òkùnkùn bo ibi tí iṣẹ́ ò ti dán ni. Àti Sebastian, alákàn tó ń tẹ̀ lé Ariel kiri. Daveed Diggs tó sọ̀rọ̀ fún un gbìyànjú gan-an, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín sí i dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é kó jọ alákàn tòótọ́, alákàn tòótọ́ ò sì ní ojú tó lè dunnú tàbí banújẹ́. Flounder ẹja kékeré burú jù ú lọ. Orin ẹ̀yà ráàpù kan tún wà tí ẹyẹ Scuttle àti Sebastian jọ kọ, ẹ fò ó tí ẹ bá lè fò ó. Ìṣẹ́jú 83 ni kátúùnù 1989, tìsìyí jẹ́ 135, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára níbì kan láàárín.

Ẹni tí mo fẹ́ràn tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ni Noma Dumezweni tó ṣe ìyá Eric. Obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gba ọmọ òyìnbó tọ́, ó ń bẹ̀rù òkun torí pé òkun ń gbé ọmọ lọ. Ọba òkun náà ń bẹ̀rù orí ilẹ̀ torí nǹkan kan náà. Òbí méjì tí wọn ò mọ ara wọn, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ọmọ wọn. Ìyẹn ò sí nínú kátúùnù àtijọ́, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré, ẹ kíyè sí òpin ẹ̀. Melissa McCarthy tó ṣe Ursula dùn ún wò, ẹ̀rín ẹ̀ ń rinni lára, àmọ́ nígbà tó di òmìrán láàárín ìjì, àbúrò Dàda tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta fi ìró ìyá ẹ̀ bo orí, ó ké títí wọ́n fi gbé e wọlé. Ọmọ tí kò bá tíì tó ọdún márùn-ún, ẹ jẹ́ kó lọ sùn.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn la fi máa ń dá Dàda lẹ́kun o. Ẹ mọ̀ ọ́n, Dàda ò lè jà, ó lábùúrò tó gbójú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń bá a jà la máa ń sọ ọ́, kó lè mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Nínú kátúùnù 1989 Eric ló pa Ursula. Nínú tìsìyí Ariel fúnra ẹ̀ ló wọ inú ọkọ̀ tó ti rì, ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó sì wa ìdí igi tó ṣẹ́ síwájú ọkọ̀ yẹn wọ inú àjẹ́ náà lọ. Dàda wa yíjú sí mi nínú òkùnkùn, ó ní, "Àǹtí, àbúrò ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kò ní àbúrò o, òun ni àbíkẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan, ó tún kọjú sí ògiri.

Lánàá mo gbọ́ wọn níbi kànga, ọmọ kan ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ń kọ orin Dàda-ò-lè-jà sí i. Kò sunkún. Fìlà ò sí lórí ẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ń wakọ̀."