Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń tún Volkswagen Ìjàpá ṣe: ẹ ṣọ́ra fún ọlọ́dà ẹ́ńjìnnì yìí

Ẹ̀yin ará, bí ọkùnrin kan bá kàn sí yín lórí WhatsApp pé òun ní ọ̀dà ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, "àwọ̀ fáktìrì gan-an, láti Jámánì", ẹ má san kọ́bọ̀. Èmi ti san. Agolo mẹ́ta ni mo rà, ₦18,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo sì fi ń ha ohun tó tà fún mi kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pààrọ̀ orúkọ náà láàárín ìwọ̀nba ìgbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, ọ̀nà tó ń gbà mú èèyàn ni kí ẹ mọ̀.

Volkswagen 1978 ni ọkọ̀ tèmi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò l'Èkó níbí, nílé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Bàbá mi ló rà á nígbà tí wọ́n ń ṣe tísà. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà n'Ìbàdàn fún ọdún mọ́kànlá kí n tó pinnu pé mo fẹ́ gbé e dìde. Mo ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì tí mo tú sílẹ̀, mo fi sínú gúrúùpù wa, kò sì pé wákàtí kan tí ọ̀gbẹ́ni yìí fi wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni kóòdù àwọ̀ ara ọkọ̀. Ó ní òun á fi po ti ẹ́ńjìnnì.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sá. Ara ọkọ̀ ni kóòdù yẹn wà fún. Bí ara Ìjàpá bá pupa, bó bá funfun, bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, kò kan ẹ́ńjìnnì rárá.

Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ń tún Ford àtijọ́ ṣe gbọ́dọ̀ wá búlúù tó bá a mu, Chevrolet sì ní àwọ̀ ọsàn tirẹ̀. Òótọ́ sì ni, ẹ jọ̀ọ́. Ní 1966 ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í fi búlúù kun ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọ̀pọ̀ V8 (ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ) Chevrolet ló sì jẹ́ àwọ̀ ọsàn títí di 1976, kí ó tó di búlúù ní 1977. Irin dúdú tó máa ń dípẹtà ni àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn, omi ló ń tù wọ́n. Ó kàn gbé òtítọ́ ọkọ̀ ẹlòmíì wá sórí Ìjàpá ni, èmi náà sì ń mi orí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ti Ìjàpá ṣe rí. Ikùn ẹ́ńjìnnì, ibi tí kíráńkì wà, irin fúyẹ́ tí magnesium pọ̀ nínú rẹ̀ ni. Fáktìrì kì í kùn ún. Orí sìlíńdà jẹ́ alumíníọ̀mù, wọn kì í kun ìyẹn náà. Ohun tó dúdú ni àwọn páànù: ilé fáànù tó dúró gàgà lókè, àti àwọn tó yí ẹ́ńjìnnì ká. Sìlíńdà fúnra rẹ̀ jẹ́ irin, a lè fẹ́ ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí i lára kí ó má baà dípẹtà. Ó parí. "Fàdákà fáktìrì" tó tà fún mi, kò sí fáktìrì tó kùn ún síbẹ̀ rí.

Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ gba àárín àwọn ìyẹ́ irin ara sìlíńdà kọjá ló ń tù ú, pẹ̀lú ọ́ìlì. Bí ẹ bá wá da ọ̀dà tó nípọn sí àwọn ìyẹ́ yẹn, ẹ wọ agbádá sányán fún ẹni tó ń sáré lóòrùn ọ̀sán.

Ọjọ́ tí a tanná sí i, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà náà wú bí àkàrà, ó wá ń re. Bàbá mẹkáníìkì wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o kun ikùn ẹ́ńjìnnì?"

"Wọ́n ní àwọ̀ fáktìrì ni, Bàbá."

"Fáktìrì wo?"

Mo délé, mo fi èékánná yọ bébà ara agolo. Bébà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: sípréè lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń kun kẹ̀kẹ́ àti géètì. Nígbà tí mo bèèrè owó mi, ó ní èmi ni mi ò fẹ́ ẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó bọ́lọ́ọ̀kù mi.

Ọ̀dà ẹ́ńjìnnì gidi á kọ ìwọ̀n ooru tó lè gbà sára agolo, ó sábà máa ń tó nǹkan bíi 260°C, á sì sọ bí ẹ ó ṣe fi ooru sè é kí ó tó le. Agolo tí kò sọ èyí, ẹ gbé e padà. Ẹ má sì gba ọ̀dà sàlẹ́ńsà rọ́pò rẹ̀: òun lè gba ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹntiróò àti ọ́ìlì máa ń tètè bà á jẹ́. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ fẹ́ díẹ̀ sí agolo mílíìkì tí ẹ ti fọ̀ tó sì gbẹ, ẹ sè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Nígbà tó bá tutù, níta gbangba tí kò sí iná, ẹ fi àkísà tí bẹntiróò kàn nù ún. Bó bá bá àkísà lọ, ẹ ti mọ̀. (Kí ẹ tó sè é, ojúlówó pàápàá lè bá a lọ, nítorí náà ẹ má kánjú dá a lẹ́bi.)

Ọ̀kan ṣì kù. Ọkùnrin kan náà ń ta odindi ẹ́ńjìnnì àlókù tó ti kùn ní fàdákà, tó ń dán bí abọ́ tuntun. Ibi tó sán, ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀dà bò. Ẹ wo abẹ́ ìjókòó dáínámò, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí. Mo sọ fún un kí ó ya fọ́tò ibẹ̀ fún mi nígbà tí a ṣì jọ ń sọ̀rọ̀, igun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yà, kò ya ibẹ̀.

Ní báyìí mo gbọ́ pé ó ti ń polówó ọ̀dà ẹ́ńjìnnì Peugeot 504. Bí ẹ bá rí fọ́tò agolo mẹ́ta lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ ike olódòdó pupa sí, òun nìyẹn.