Ọmọ mi lọ́dọ̀ dókítà etí ní Adó-Èkìtì: ohun tí ojú wa rí

"Ṣé adití ni ẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan jù lu ọmọ mi nìyẹn níwájú gbogbo èrò, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Ọmọ ọdún 5 ni. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ rẹ̀, ó tún un pè, ọmọ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fi ìdérí ike omi ṣeré. Èmi wà lójú fèrèsé kaṣíà tí nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ rán mi lọ. Ìyá àgbà tí mo fi ọmọ tì ló dá a lóhùn: "Nọ́ọ̀sì, bí etí rẹ̀ bá dá ṣáká, kí ni ìbá wá ṣe níbí?"

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Adó-Èkìtì ló wà, Ìgèdè la sì ti gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí ẹni tó bá pẹ́ dé kì í rí káàdì gbà.

Ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń hanrun. Ẹnu ló fi ń mí tọ̀sán-tòru. Bó bá ń jẹ iyán, á gbé òkèlè kan mì, á dáwọ́ dúró, á fi ẹnu gba afẹ́fẹ́ kó tó bu òmíràn. Oògùn kàtá ni kẹ́míìsì àdúgbò ń tà fún wa ṣáá. Nílé ìwé, tíṣà ní olórí kunkun ni, pé bí òun bá ní kí wọ́n dìde, á kọ́kọ́ wo àwọn tó kù kó tó dìde. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n fura.

Ká padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo ti pẹ́ lọ́dọ̀ kaṣíà torí POS wọn ò ṣiṣẹ́. Owó káàdì lọ́tọ̀, owó dókítà lọ́tọ̀. Bí mo ṣe dé tí mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní, "Sístà, ṣé ọmọ mi lẹ ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Kò wo ojú mi. Ó ń to fáìlì. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ́ ọmọ yín kó máa dáhùn bí àgbà bá pè é." Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fẹ́ gba fáìlì wa kí n máa lọ. Ìyá àgbà yẹn di ọwọ́ mi mú: "Jókòó, ọmọ mi. Dókítà lo wá rí, kì í ṣe òun." Ọlọ́run á bá mi ṣìkẹ́ ìyá náà.

Torí dókítà yẹn, ẹ̀yin ará, dókítà ni! Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ọmọ náà, ó wò ó lójú, ó rọra bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ọmọ mi dáhùn. Ó wá gbé páálí bo ẹnu ara rẹ̀, ó tún bi í ní ìbéèrè mìíràn, ohùn kan náà. Ọmọ kàn ń wò ó ni. Kò tíì tan iná wo etí rárá tó ti fi hàn mí pé ẹnu wa ni ọmọ yìí ń wò láti mọ ohun tí à ń sọ.

Ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ gba iná náà kó fi wo etí òun. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ jókòó jẹ́jẹ́.

Ní yàrá àyẹ̀wò ìgbọ́ràn, ọmọbìnrin kan fi hẹ́dífóònù sí i létí, ó kó igi wẹ́wẹ́ fún un: bó bá ti gbọ́ ìró, kó ju ọ̀kan sínú abọ́. Igi kọ́kọ́ ń bọ́ sínú abọ́, kó, kó, kó. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọmọ mi dúró lókè, igi wà láàárín ìka rẹ̀. Mò ń rí iná ẹ̀rọ tó ń tàn, mo mọ̀ pé ìró ń dún. Kò gbọ́. Omijé bọ́ lójú mi.

Wọ́n tún fi ẹ̀rọ kan fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí etí rẹ̀. Ìlà tó yẹ kó gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ní etí méjèèjì. Dókítà ní omi tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ló dúró sẹ́yìn awọ etí. Ọ̀nà tóóró kan wà tó so ẹ̀yìn imú mọ́ inú etí. Ti ọmọdé kúrú, ó sì tẹ́ ju ti àgbà lọ, ó sì máa ń tètè dí. Ẹran tí wọ́n ń pè ní adenoid, tó wà lẹ́yìn imú, ló wú dí tiwa. Gbogbo ọmọ ló ní in. Láàárín ọdún 3 sí 7 ló máa ń tóbi jù, kó tó máa kéré sí i. Ìyá ọkọ mi ti ń sọ pé ká kán àdín sí i létí. Dókítà ní ká má dán an wò: ẹ̀yìn awọ ni omi wà, àdín ò lè dé ibẹ̀.

Kò sáré dá iṣẹ́ abẹ fún wa. Ó fún wa ní oògùn imú, ó ní kí èéfín igi má ṣe dé ibi tí ọmọ ń sùn, kí a padà wá lẹ́yìn oṣù 3, torí omi náà sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀. Bí kò bá gbẹ, a ó sọ̀rọ̀ yíyọ adenoid àti fífi ọ̀pá oníhò kékeré sí awọ etí. Ó tún kọ lẹ́tà sí tíṣà pé kí ọmọ máa jókòó síwájú, kí wọ́n kọjú sí i kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀. Mi ò béèrè lẹ́tà o!

Àmọ́ X-ray tí wọ́n ní ká lọ yà fún ọmọ tún bí mi nínú. Wọ́n gbowó tán, wọ́n ní ẹni tó ń fún ènìyàn ní èsì ti lọ, kí n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Láti Ìgèdè!

Mo sọ ti nọ́ọ̀sì fún dókítà. Wọ́n pè é, ó ní kí n má bínú. Kò sọ nǹkan kan fún ọmọ mi, ọmọ mi sì ni ó bú.

Máàkì tí mo fún dókítà: 5 nínú 5. Ẹni tó bá ń lọ, kó tètè dé, kó mú owó pépà dání, kó sì kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí dókítà etí fúnra rẹ̀ ń jókòó.