Sọ́fítíwíà mẹ́ta fún ìṣírò owó oṣù tí mo dán wò fún ilé búrẹ́dì wa l'Ábẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó máa rojọ́: èyí tó wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Ilé búrẹ́dì la ní l'Ọbańtokò níbí, èèyàn 11 ló ń bá wa ṣiṣẹ́, méje ń gba owó oṣù, àwọn mẹ́rin tó kù, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, àwọn ló ń po fúláwà lóru, ẹni tí ò bá wá lálẹ́ ọjọ́ kan ò ní gba tọjọ́ yẹn. Ìwé nóòtù ńlá kan la fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tóṣù bá ti parí màá gbé kákúlétọ̀ síwájú, màá máa rò ó lọ, ẹnì kan á ní "Mọ́mì, wọ́n ń pè yín níta", ó parí nìyẹn, mo tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Àmọ́ owó oṣù gangan kọ́ ni wàhálà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní 10,000, ẹ yọ ọ́ tóṣù bá parí," ìyẹn gan-an ni wàhálà. Dírẹ́bà wa nìkan lè gba irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kóṣù tó parí, màá kọ méjì sílẹ̀, màá gbàgbé méjì, tó bá wá dọjọ́ owó ariwo á sọ, òun ń ka tiẹ̀, èmi ń ka tèmi. Nítorí èyí ni mo ṣe wá sọ́fítíwíà lọ, kì í ṣe fáàrí rárá.

Ti àkọ́kọ́, àwọn òyìnbó ló ni ín, dọ́là ni wọ́n ń gbà, iye èèyàn tẹ́ ẹ bá ní ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó wọn. Ó rẹwà o, ẹ ò ní fẹ́ gbójú kúrò lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026: 800,000 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá gbà lọ́dún, wọn ò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀, 2,200,000 tó tẹ̀ lé e ni wọ́n á wá yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lára ẹ̀, ẹ̀dínwó àtijọ́ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti lọ, owó ilé ló rọ́pò ẹ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí èèyàn bá san, kó má sáà ti ju 500,000 lọ. Sọ́fítíwíà wa ò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀. Akọ̀wé wa ń gba 120,000 lóṣù, 8,900 ló ń yọ lówó ẹ̀ bíi tàtijọ́, 8,000 ló yẹ kó jẹ́. Ọmọ yẹn fi fóònù ẹ̀ rò ó, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀ o, ó ní "Ẹ káàárọ̀ mà, 900 tèmi dà?" Ojú tì mí. Ó tún mú rìsíìtì owó ilé ẹ̀ wá, 200,000 lọ́dún, ìyẹn já a wálẹ̀ sí 7,500. January àti February la ti yọ ọ́ lódì, mo sì ti san án fáwọn agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Ògùn kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e bí òfin ṣe wí, torí náà àpò ara mi ni mo ti dá a padà fún un. Mo kọ̀wé sáwọn tó ni ín, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó dáhùn, wọ́n ní ó wà nínú ètò àwọn. Nígbà tí mo dáwọ́ owó wọn dúró ńkọ́, wọ́n ti gbogbo àkọsílẹ̀ wa mọ́lé. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fẹ́nikẹ́ni, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè kó gbogbo ẹ̀ jáde sí Excel lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ.

Ìkejì, ará Èkó ló ṣe é, wọ́n mọ òfin owó-orí dáadáa, kò sírọ́ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá ni wọ́n fi sọ́kàn ni. Ó ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún fún pẹ́ńṣàn lówó gbogbo wọn, ó ní kí n fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tèmi kún un, bẹ́ẹ̀ èèyàn 15 sókè ni òfin 2014 sọ ọ́ di dandan fún, àwa ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì síbi tẹ́ ẹ ti lè pa á. Àwọn tó ń po fúláwà lóru ńkọ́? Mo pe àwọn tó ni ín, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kí n kọ owó oṣù fún wọn. Owó oṣù wo?! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò níbẹ̀.

Ìkẹta là ń lò di bí mo ṣe ń wí yìí. Kò lẹ́wà, àwọ̀ ẹ̀ dà bí ẹ̀fọ́ tó ti ṣá. Àmọ́ orí fóònù ni mo ti ń ṣe é, ì báà jẹ́ inú ọjà Kútọ̀ ni mo wà, bí mo ṣe ń ka owó lé èèyàn lọ́wọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, text á wọlé sórí fóònù onítọ̀hún lójú ẹsẹ̀: o gba 5,000, báyìí ló kù nínú owó oṣù ẹ. Bàbá tó ń mójú tó ààrò ò mọ̀wé, ọmọ ọmọ wọn ló ń kà á fún wọn, wọn ò tíì bá mi jiyàn lẹ́ẹ̀kan. Tàwọn olóru náà rọrùn, orúkọ ẹni tó bá wá lálẹ́ nìkan ni mò ń tẹ̀. Pẹ́ńṣàn ṣeé pa ṣeé tàn, ó tún ń ṣírò ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ti NSITF (àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́), tó jẹ́ pé àwa agbanisíṣẹ́ ló yẹ ká san án (àwọn kan ń yọ ọ́ lówó òṣìṣẹ́ o, ẹ má dán an wò).

Kì í sanwó fúnra ẹ̀, ó máa to orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀ ni, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí báǹkì yín, èmi ò tiẹ̀ ka ìyẹn sí àléébù torí mi ò lè kówó èèyàn 11 sọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọlé ẹ̀. Ìwé ọdọọdún tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ agbowó-orí kí January 31 tó kọjá ni ò lè ṣe, akáńtáǹtì la ṣì máa bẹ̀ fún ìyẹn. Owó tá à ń san lóṣù ò tó ìdajì àpò fúláwà kan. Mo fún un ní 4 nínú 5, ìwé ọdọọdún yẹn ló jẹ ọ̀kan tó kù.

Dírẹ́bà wa ti dín tiẹ̀ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù báyìí. Ìyàwó ẹ̀ ló máa ń di fóònù mú nílé, gbogbo text yẹn ló ń kà.