SGI-100BT, àpótí tó ń tún kíkà spídómítà ṣe, lórí Corolla tí wọ́n pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀: ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka eyín gíà

Corolla 1998 sí 2002 ni ọkọ̀ tí mo lò ó fún. Wọ́n yọ gíábọ́ọ̀sì ọtòmátíìkì rẹ̀, wọ́n gbé máńúà tòkúnbọ̀ sí i, gíà sì ń wọlé dáadáa, àmọ́ eré tí spídómítà ń kà kò bá ti fóònù mu mọ́. Dakota Digital ní Amẹ́ríkà ló ṣe SGI-100BT. Àpótí kékeré ni, ó ń gba àmì eré lọ́wọ́ sẹ́ńsọ̀, ó ń dín in kù tàbí kó fi kún un, kó tó fi ránṣẹ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Orí fóònù lẹ ti máa tò ó, nípasẹ̀ Bluetooth. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe, ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá a kiri ni kò nílò rẹ̀ rárá.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú gíábọ́ọ̀sì yìí, gíà kékeré oníke kan wà ní ìdí sẹ́ńsọ̀, gíà mìíràn tó wà lára dífíránṣà ló ń yí i. Bí eyín gíà oníke yẹn bá pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, sẹ́ńsọ̀ á máa yí díẹ̀díẹ̀, spídómítà á sì máa kà sílẹ̀. Ká ní ti àtijọ́ ní eyín 30, tí ti tòkúnbọ̀ sì ní 33: bí ọkọ̀ bá ń sá 100, 91 lẹ máa rí. Nítorí náà, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹni tó ta gíábọ́ọ̀sì gbé ti àtijọ́ lọ. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, ẹ ka eyín wọn, kí ẹ sì gbé gíà àtijọ́ sínú tuntun bí ìdí wọn bá bára mu. Ẹ fi òrùka rọ́bà tuntun sí i, torí èyí tó ti gbẹ máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì gíà jò. Ẹ wo bí eyín ṣe dagun pẹ̀lú: bí kò bá bá ti gíà inú dọ́gba, ike náà á jẹ tán láàárín àkókò díẹ̀, spídómítà á sì kú pátápátá.

Àwọn mẹ́káníìkì kan máa ń sọ pé fáìnà-dráfù (gíà ìkẹyìn tó ń gbé agbára lọ sí táyà) tó yàtọ̀ ló fà á. Lára ọkọ̀ tó ń fi táyà iwájú fà bíi Corolla, kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn fáìnà-dráfù ni gíà sẹ́ńsọ̀ ti ń gba agbára, bí táyà bá ṣe yí ló ṣe ń yí. Ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn tì, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì, ni ọ̀rọ̀ áàsù ẹ̀yìn kàn. Táyà náà ńkọ́? Ẹni tó kúrò lórí 185/65R14 bọ́ sórí 195/65R15 ti fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 kún eré gidi rẹ̀, tí spídómítà kò sì ní kà á, láìfọwọ́ kan gíábọ́ọ̀sì.

Bí gíà kò bá ṣeé pààrọ̀, ìgbà yẹn ni àpótí yìí wúlò. Kẹ́ ẹ tó gé wáyà kankan, ẹ dán sẹ́ńsọ̀ wò. Wáyà mẹ́ta ló ní: iná, ẹ́ọ̀tì, àti àmì. Ẹ jáàkì táyà iwájú kan, ẹ fi gíà sí nútírà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ fi mítà sí wáyà àmì, kí ẹnì kan máa fọwọ́ yí táyà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fóòtì á máa lọ sókè, á máa bọ̀ wá sún mọ́ 0. Bó bá dúró sójú kan, ẹ wo wáyà àti gíà ike. Bí wọ́n bá dáa, sẹ́ńsọ̀ ló kú, àpótí kò sì lè jí i.

Ibi tí wọ́n ti gé wáyà ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ. Sẹ́ńsọ̀ Toyota yìí ń fún dáṣíbọ́ọ̀dù ní àmì 4 fún yíyí kan, dáṣíbọ́ọ̀dù ló sì ń fi ránṣẹ́ sí bréèn-bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì). Ẹ fi àpótí sáàárín sẹ́ńsọ̀ àti dáṣíbọ́ọ̀dù: spídómítà, máìlì (òǹkà ibi tí ọkọ̀ ti rìn dé) àti bréèn-bọ́ọ̀sì á jọ tọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ fún rìwáyà kó fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú wáyà, kó má kàn lọ́ ọ pọ̀. Inú ọkọ̀ ni kó so àpótí sí, jìnnà sí ooru ẹ́ńjìnnì àti wáyà púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ́ọ̀tì kò bá dáa, ọwọ́ spídómítà á máa gbọ̀n, bréèn-bọ́ọ̀sì sì lè gbé kóòdù P0500 jáde, ìyẹn àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ eré.

Ẹ má fi ọwọ́ spídómítà tò ó. Òfin 39 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò gbà kí spídómítà kà dín sí eré gidi, ṣùgbọ́n ó gbà kó fi ìdá 10 nínú 100 àti kìlómítà 4 lé e, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣe ń jẹ́ kó kà lé díẹ̀. Máìlì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ wa ọkọ̀ ní kìlómítà 20 lórí GPS fóònù. Bí máìlì bá kọ 18.2, ẹ pín 20 sí 18.2, ẹ ó rí 1.10. Ìdá 10 lẹ máa fi kún un. Lẹ́yìn náà, bí ọwọ́ spídómítà bá ń ka 84 nígbà tí GPS ń ka 80, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń fi kébù yí spídómítà ni mi ò ní rà á fún. ECD-200BT ti ilé iṣẹ́ kan náà, tó ní mọ́tò tó ń yí kébù, ni tiwọn.