Fìtílà jellyfish tí mo rà ní Ìgbọ̀nà: ó rẹwà, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tèmi, fìtílà olómi yẹn tí jellyfish onírọ́bà (ẹ̀dá òkun kan tó rọ̀, tó rí bí agboòrùn) ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, mo ti ra ọ̀kan o. Ṣọ́ọ̀bù kan nínú ọjà Ìgbọ̀nà ni, wọ́n pè é ní ₦18,000, mo ná an títí wọ́n fi gbà ₦14,500. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ló ní òun fẹ́ ẹ.

A délé, mo rọ omi sí i, mo tanná, gbogbo jellyfish bá léfòó, wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo pe màmá oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n ní sùúrù, ó máa balẹ̀. Ọjọ́ méjì, kò balẹ̀. Ìwé pélébé inú páálí ni mo wá kà kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sínú omi yẹn, kí n sì fún afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ agboòrùn wọn jáde. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kíá, wọ́n ń gòkè wọ́n ń sọ̀. Tó bá di alẹ́, ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀, kí n má purọ́.

Páálí ẹ̀ ló bí mi nínú. Wọ́n ya ojú méjì àti ẹ̀rín sí i! Jellyfish tí ò ní ọpọlọ, tí ò ní ọkàn, ihò kan náà tó fi ń jẹun ló fi ń yàgbẹ́, omi sì ni bíi 95% ara ẹ̀, kí ló fẹ́ fi rẹ́rìn-ín? Ká tiẹ̀ ní ojú ni, irú ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní box jellyfish ní 24. Wọ́n tún ya ẹ̀dá òkun kan tí wọ́n ń pè ní Portuguese man o' war, wọ́n kọ jellyfish sábẹ́ ẹ̀. Rárá o, ẹbí ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn jẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá kéékèèké tó so pọ̀ bí agbo ilé, àwọn kan ń ṣọdẹ, àwọn kan ń mú oúnjẹ dà, àwọn kan ń bímọ, àpò afẹ́fẹ́ wá ń gbé gbogbo wọn léfòó. Okùn tó fi ń ta nǹkan lè gùn tó mítà 30, kódà tó bá ti kú sétí òkun ó ṣì ń ta èèyàn.

Ọmọ yìí ní ṣé lailọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà ni wọ́n gé síbẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìjàpá òkun náà máa ń ṣì í mú bẹ́ẹ̀, á gbé lailọ́ọ̀nù mì, á rò pé jellyfish ni.

Sítáà mẹ́ta. Wáyà ẹ̀ kúrú, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rọ omi sí i níwájú yín. Ẹnu orí páálí yẹn, mo ti fi bírò pa á rẹ́.