Skánà kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ka èyí ná

Ọ̀rọ̀ skánà OBD2 (èyí tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń sọ) tí wọ́n ń pè ní ELM327, èyí tó ń lo Bluetooth, ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé mẹkáníkì nìkan ló wà fún. Irọ́ ni jàre. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀. Ẹ máa ki ẹnu ẹ̀ bọ ojú ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ dírẹ́bà, gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní in, torí náà tòkunbọ̀ yín tó bá wá láti Amẹ́ríkà á ní in. Ẹ da app Torque sórí Android, ẹ fi 1234 ṣe pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi so wọ́n pọ̀, ó parí.

Kí ló dé tí mo fi rà á nígbà tí géèjì wà nínú mọ́tò? Géèjì yẹn, lára ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ìsinsìnyí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa dúró sáàárín ni. Bóyá 80 (Celsius ni gbogbo nọ́ńbà ooru tí mo bá sọ níbí) ni ẹ́ńjìnnì wà o, bóyá 100 ni o, ọ̀pá ẹ̀ ò ní mira, ìgbà tó bá fi máa gòkè ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Mọ́tò mi máa ń gbóná, mẹkáníkì tó kọ́kọ́ wò ó sì ti ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, ká sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Mo ki skánà bọ̀ ọ́, mo gba Berger bọ́ sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Kara, mo ń wo fóònù, 95, 99, 104, àyà mi ti ń já, àfi bí ọ̀nà ṣe là tá a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tó tún já wá sí 87 fúnra ẹ̀. Ẹ wo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀: pọ́ǹpù ló ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká, omi yẹn á gbé ooru lọ sí rédíétọ̀, atẹ́gùn á wá gbé ooru náà kúrò lára rédíétọ̀. Tí mọ́tò bá ń sáré atẹ́gùn ń wọlé fúnra ẹ̀, tó bá dúró fáànù nìkan ló kù tó lè fà á wọlé. Mọ́tò tó ń gbóná nínú go-slow tó sì ń tutù lójú ọ̀nà, fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ pé eré tàbí òkè ló ń mú un gbóná, ẹ fura sí rédíétọ̀ tó ti dí tàbí pọ́ǹpù tí kò ti omi dáadáa mọ́. Mo fi han mẹkáníkì, ó ní fóònù ò mọ mọ́tò. Mo gba ọ̀dọ̀ rewáyà lọ, relay fáànù, ìyẹn swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un, ló jó. Ó pààrọ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ẹ́ńjìnnì kankan kalẹ̀ o.

Skánà yìí tún tú àṣírí kan. Láàárọ̀ ọyẹ́ lójú expressway, 68 ló ń kọ, kò kúrò níbẹ̀, kóòdù P0128, tó ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì ò gbóná tó bó ṣe yẹ, sì yọ. Wọ́n ti yọ thermostat dànù! Ẹ ṣáà mọ àwọn mẹkáníkì wa, wọ́n á ní ìlú wa gbóná, kò wúlò fún wa. Ṣùgbọ́n thermostat ò mọ ojú ọjọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó sé omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ, ti ọ̀pọ̀ Toyota ń ṣí ní nǹkan bíi 82. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa fa epo sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ iye tí jálá kan jẹ́ báyìí.

Ibi tó kù sí o: Bluetooth ẹ̀ máa ń já, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ayédèrú ni. Èyí tó jẹ́ Bluetooth àtijọ́ ò bá iPhone ṣe, ẹ wá ti WiFi tàbí BLE (irú Bluetooth tuntun). Tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára mọ́tò tó dúró fún ìgbà pípẹ́, á fa bátìrì gbẹ. Èyí tó burú jù nìyí: tí omi bá ti jò tán, sensor tó ń wọn ooru ò kan omi mọ́, ó lè máa kọ nọ́ńbà tó dáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ. Torí náà ẹ ṣì máa wo omi láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó sáná sí i. Kò sì lè sọ fún yín pé ìdérí rédíétọ̀ ti rọ̀. Ìdérí yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kò fi ní hó ní 100, tó bá ti rọ̀ omi á máa hó dà sínú ike, wọ́n á tún ní gásíkẹ́ẹ̀tì ni, bẹ́ẹ̀ ìdérí lásán ni. (Ẹ má ṣí i tó bá gbóná o, omi gbígbóná lè bó yín lójú.)

Mo fún un ní 4 nínú 5. Èyí tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á fi dán mọ́tò yín wò lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.