Àpótí kékeré àbí kọ̀ǹpútà: èwo ni ká so mọ́ tẹlifíṣọ̀n?

Ẹni tó bá ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ti iná àti dátà. Àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n láti wo fíìmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú Roku tàbí Chromecast, kì í jẹ iná púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo ṣájà fóòtì 5, bíi ti fóònù. Ọmọdé pàápàá lè fi rìmóòtù rẹ̀ wo nǹkan. Ṣùgbọ́n dátà ni oúnjẹ rẹ̀. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé fíìmù tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan. Ẹ wá ro ilé tí wọ́n ti ń wo eré méjì lálaalẹ́!

Kọ̀ǹpútà ń jẹ iná jù ú lọ, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tò. Síbẹ̀, òun ni mo fara mọ́. Fíìmù Yorùbá tó ti wà nínú háàdì díìsìkì kò bèèrè dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Kodi, áàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, á sì tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ló dára jù: bí wọ́n bá mú iná lọ ní àdúgbò Tákíé, tẹlifíṣọ̀n á kú, ṣùgbọ́n ẹ ó parí eré yín lójú láptọ́ọ̀pù.

Tó bá jẹ́ màmá tó ń dá gbé lẹ fẹ́ rà á fún, tí ẹ ó sì máa ra dátà fún wọn, àpótí ni kẹ́ ẹ rà.